Eyín Kọkàndínláàádọ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ajah lónìí, ẹ ò mọ ohun tí etí ń jẹ níbí yìí rí. Ẹ rò pé pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ ni Ọlọ́run fi dá ilẹ̀ yìí. Ó tì o. Nígbà tí mo dé ibí, tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi, a máa ń gbọ́ òkun láti ojú títì. Bí àgbọn bá já lulẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrá á mọ̀ bóyá gbígbẹ ni tàbí tútù, torí ìró wọn ò jọra. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, a ti gbọ́ ọ tipẹ́ kó tó yọ, àwọn obìnrin á ti gbé agbọ̀n ẹja wọn rù. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni títì márosẹ̀ yìí nígbà náà. Iyanrìn funfun ló wà lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ á sì máa rì nínú rẹ̀ bí ẹni ń tẹ gàrí.

VGC tí ẹ ń wò yẹn, àdúgbò olówó tí wọ́n fi géètì dí, mo ti ṣa àgbọn lápá ibẹ̀ rí. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ wá rí?" Mo ní ipa ẹsẹ̀ ara mi ni mo wá wò. Ó ní kí n máa bá tèmi lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Ẹ rín in tán báyìí, torí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí korò, mi ò sì ní fi oyin sí i fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ilé ìtajà alájà mẹ́rin yẹn wà, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Jósáyà lorúkọ rẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò pè é ní "wọn". Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn tó mi. Ẹ ó gbọ́ ìdí tí mo fi jáwọ́.

Tọ́nà ni Ọ̀gá Jósáyà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbẹ́ igi. Páànù ló bò wá lórí. Ẹ̀rọ méjì péré la ní: léètì, àti èyí tó ń gé eyín gíà. Ṣùgbọ́n láti Lẹ́kí títí dé Ìbẹ̀jú, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo àgbọn bá kọṣẹ́, bí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ bá dákẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi apẹja bá kọ̀ tí kò yí mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Kò sí gíà inú ọ̀rá nígbà náà, irú èyí tí ẹ máa ń já lẹ́nu bí ẹni já búrẹ́dì. Ohun tó bá bàjẹ́, ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó ka eyín rẹ̀, ẹ ó gé òmíràn. Iṣẹ́ gíà kan lè gbà wá lọ́jọ́ mẹ́ta. Lónìí, ọmọ kan á wọ ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ fún mi ní bíi eléyìí," wọn á fún un ní bíi ti ẹ̀. Bíi ti ẹ̀! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bínú ṣáájú àsìkò.

Bí òróró tí a ń dà sójú irin bá tán, epo àgbọn là ń lò. Bí ọ̀bẹ léètì bá ti ń jẹ irin, èéfín á máa rú, àdúgbò á máa ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà. Àwọn ewúrẹ́ á dé, wọ́n á máa lá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí omi funfun kan nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ léètì. Mo rò pé mílíìkì ni, mo bù ú mu. Omi tí wọ́n fi ń pa ooru irin ni! Inú mi ṣe gbuurugbu títí di ọjọ́ kejì. Ìyá Dèbórà, ìyàwó ọ̀gá, ni wọ́n fi omi àgbọn tọ́jú mi. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́, ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ní ọjọ́ tó kù. Wọ́n máa ń pè mí ní ọmọ wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Aláṣọ funfun ni tọkọtaya náà. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò láti ọjọ́ Ajé, bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà funfun báláú, á bọ́ bàtà, á máa mi agogo lọ sétí òkun. Lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wọn, a máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Àwa ọmọ iṣẹ́ là ń ru ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ilé ìjọsìn, bí a kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ. Lọ́dún kan, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan yọ́ bọ́ lórí mi sórí wòlíì tó ń ríran lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ Ọ̀gá Jósáyà kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni etí rẹ̀. Kì í wo ẹ̀rọ, ńṣe ló máa ń gbọ́ ọ. Á sùn sórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án, á fi fìlà bo ojú, a ó rò pé ó ti sùn lọ. Lójijì á ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn. Eyín kan ń ṣàìsàn níbẹ̀." A ó pa á, a ó wò ó, a ó rí eyín kan tó sán. Mi ò rí i kó ṣì í rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, mi ò rí i.

Òun ló kọ́ mi ní kíkà eyín. Ọjọ́ kan tí a ń ṣe wíǹṣì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa búlọ́ọ̀kù gòkè lórí ilé alájà, ọ̀gá yà á sórí ìwé fún mi, ó ní kí gíà kékeré ní eyín mẹ́rìndínlógún, kí gíà ńlá ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọmọ àti ìyá la máa ń pè wọ́n. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gé méjìdínláàádọ́ta. Ó rọrùn láti pín, ó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta mẹ́rìndínlógún géérégé."

Ó ní, "Géérégé yẹn gan-an ló burú."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi kun eyín kan lára ọmọ. "Wo eyín yìí. Bí ìyá bá ní méjìdínláàádọ́ta, eyín mẹ́ta péré ni eyín tí mo kùn yìí á máa bá pàdé títí ayé. Kò ní mọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Tó bá wá ní àbùkù lára, àwọn mẹ́ta yẹn náà ni á máa gé jẹ, lójoojúmọ́, títí ọ̀kan nínú wọn á fi kú. Ṣùgbọ́n fi ẹyọ kan péré lé e." Ó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ níwájú mi. "Ó ti ń rìn. Bí ìyá bá yí po lẹ́ẹ̀kan, eyín yìí ò ní bá ẹni àná, aládùúgbò rẹ̀ ló máa bá. Á kí gbogbo ilé tán pátápátá kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ìyà tí gbogbo ilé bá pín jẹ, kì í pa ẹnì kan."

Ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Mo fi ọjọ́ méjì gé gíà náà. Mọ́kàndínláàádọ́ta kò ṣeé fi ojú pín, ó ní àwo irin oníhò tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi ni ọ̀gá máa ń fi í sí, nínú àpótí irinṣẹ́ tèmi, torí ó ní èmi ni kì í kánjú. Nígbà tí mo parí, mo fi irin mímú lu àmì mi sára ọmọ àti ìyá, ẹsẹ̀ ẹyẹ kékeré kan. Gbogbo gíà tí mo gé láyé mi ló ní in.

Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni Rúfọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni ìyá rẹ̀. A jọ ń kọ́ṣẹ́, a jọ fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dún kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ka nǹkan. Ó máa ń ní, "Ìwọ máa kà, èmi ń gé." Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, torí ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹní kan la jọ ń sùn sí.

Kí a tó gbé wíǹṣì náà lọ sí ibi iṣẹ́ ní Lẹ́kí, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ìlú wa pé ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ti àpótí mi, mo lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí n tó mọ̀ ọ́n. Rúfọ́ọ̀sì ń gbé gíà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ tò ó, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lu kankéré. Ìyá là, eyín kan lára ọmọ sì tẹ̀. Ó yẹ kó sọ. Ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ wúwo jù fún un láti sọ. Ṣùgbọ́n ó fi fáìlì họ eyín tó tẹ̀ náà, ó sì sáré gé ìyá mìíràn. Àwo oníhò wà nínú àpótí mi tó wà ní títì, nítorí náà ó gé èyí tó rọrùn: méjìdínláàádọ́ta. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti béárìn kí wọ́n lè súnmọ́ ara wọn, ó fi ìdérí bò wọ́n, ó kun ún ní búlúù. Nígbà tí mo fi máa dé, wíǹṣì ti wà ní Lẹ́kí, ó ń fa búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn bíríkìlà ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń pariwo. Ọ̀gá ní kí a jọ lọ. Ilé alájà mẹ́ta ni, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ọ̀ṣun àti Èkìtì kún ibẹ̀. Rúfọ́ọ̀sì wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ṣí ìdérí, ó tẹ etí sílẹ̀, ó pa ojú dé. Mo wò ó tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ń na ọwọ́ pé kí wọ́n pa á nígbà tí ó dún gbàù! Eyín já, ẹrù tó wà lókè já bọ́, irin yí padà, ó sì gbá ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá mú.

Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló lọ. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi wé ọwọ́ náà. Ibi tí mo ti kúnlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá mi ń ṣàn sórí itan mi, ni mo ti gbọ́ ohùn Rúfọ́ọ̀sì lókè orí mi.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí! Ṣé ẹ rí i? Òun ló gé gíà yẹn! Òun ló gé e!"

Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yẹn yíjú sí mi. Nígbà tí mo fi máa dìde láti wo gíà náà, Rúfọ́ọ̀sì ti fi tapólì bò ó. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, pé ọwọ́ mi ti ṣe é tó.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ọ̀gá, mo gé e dáadáa. Ẹ ṣáà bi mí." Kò wò mí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ: "Máa lọ." Níta, Ìyá Dèbórà yí ẹ̀yìn sí mi. Fírídọ́ọ̀mù mi ku oṣù méjì.

Awoyaya ni mo lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú léètì àlòkù kan, mo ń tún ẹ̀rọ ìbúlọ́ọ̀kù ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ máa ń ṣáájú ẹni rìn. Agéwọ́-Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Àwọn oníbàárà á bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ṣé ọwọ́ àwọn ò ní bá a lọ. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tó sọ ọ̀gá rẹ̀ di aláàbọ̀ ara. Mi ò ní ìwé fírídọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹgbẹ́ tọ́nà ò gbà mí. Ọdún ń yí lu ọdún. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo máa ń jí láàárọ̀, kí n tó gbàdúrà, mo máa ń dárúkọ Rúfọ́ọ̀sì. Mi ò dárúkọ rẹ̀ fún rere.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wíǹṣì yẹn padà láti Lẹ́kí, kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Jósáyà ló wà, lábẹ́ tapólì. Ó ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni gbogbo ayé rò pé ó fà á. Nígbà tí wọ́n wá ta ilẹ̀ náà, tí katapílà wá wó ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ra irin àlòkù kó gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ kan nínú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Awoyaya, pé kí n wá yan irin tí mo bá fẹ́. Mo gòkè sínú rẹ̀. Mo rí irin kan tó ní ọ̀dà búlúù.

Ọmọ gíà wà lórí ṣáàfù rẹ̀ síbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò nu ìpẹtà kúrò, ẹsẹ̀ ẹyẹ mi yọ. Mo wá ẹsẹ̀ ẹyẹ lára ìyá. Kò sí. Mo yí i títí, kò sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka eyín. Méjìdínláàádọ́ta. Mo fi ìyẹ̀pẹ̀ sàmì sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo tún un kà. Méjìdínláàádọ́ta. Mo jókòó sáàárín irin àlòkù yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, olókọ̀ rò pé oòrùn ti mú mi. Mo fi ẹ́ńjìnnì kan tó ṣì dáa ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ó rò pé orí mi ti dàrú.

Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù tí mo ní lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe baba ìwà kankan, ti ológbò tó jókòó sẹ́nu ihò eku ni. Mo dúró de ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ tọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí fírídọ́ọ̀mù ayé ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wọ káàkí tuntun, wọ́n á kúnlẹ̀ sórí ẹní, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, á súre fún wọn, àwọn ìyá á máa sunkún. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Rúfọ́ọ̀sì ló wá di alága ẹgbẹ́. Òun ló ń gbé ìwé ẹ̀rí lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Ọ̀sán gangan ni, gbọ̀ngàn kún. Mo fi bárò ti irin mi wọlé, àárín ìlà àga ni mo gbà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ariwo táyà rẹ̀. Ọ̀gá Jósáyà jókòó níwájú, ó fi agbádá bo ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Dèbórà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rúfọ́ọ̀sì ní, "Ta ló pè ọ́ síbí?"

Mo ní, "Irin ló pè mí. Alága, ẹ bá wa ka eyín gíà yìí."

"Mi ò ráyè wèrè."

Bàbá kan láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní, "Kí ló wà nínú kíkà? Alága, kà á ká lè máa bá tiwa lọ."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kun eyín tó já. Mo ní, "Níbí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ kà á sókè."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ohùn rẹ̀ le. Nígbà tó dé ẹ̀tàdínlógún, mo ní, "Ẹ dúró. Ẹ wo eyín yẹn." Eyín náà ti fọ́ lẹ́nu bí ìgbà tí ajá jẹ egungun. Àwọn tó yí i ká dára, kò sí ọgbẹ́ lára wọn. Ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo tọ́nà tó wà níbẹ̀ ti dìde dúró láti wò ó fúnra wọn. Eyín yẹn náà ti fọ́. Mẹ́ta, mẹ́rìndínlógún láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò sí tọ́nà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"...Ẹ̀tàdínláàádọ́ta. Èjìdínláàádọ́ta." Ìka rẹ̀ dé orí ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró.

Mo ní, "Ó ku ẹyọ kan."

Ó nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Èmi mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo gé. Ìwé tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà nìyí, ó wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Àmì mi wà lára ọmọ, kò sí lára ìyá. Rúfọ́ọ̀sì, eyín kọkàndínláàádọ́ta dà? Wá a fún wa. Wò ó lápò rẹ."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní ó jábọ́ lọ́wọ́ òun ni, pé ẹ̀rù ló ba òun, pé ọmọdé ni òun nígbà náà. Àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀ sórí ẹní ń wò ó. Mo wò ó bí ẹni ń mu omi tútù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan péré lòótọ́ á bá a. Ọjọ́ náà, èmi ni mo gun òótọ́ lẹ́ṣin.

Mo yíjú sí ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀ bí mo ti dọ̀bálẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó rọra sọ ọ́, bóyá kí èmi nìkan lè gbọ́: "Mo ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ náà."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Ní Lẹ́kí lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo tẹ etí sí i. Ibì kan náà ló ń dún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Rúfọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ló ta aṣọ ara rẹ̀ kí n lè kọ́ṣẹ́. Ìwọ, ọwọ́ rẹ dáa. Mo rò pé kò síbi tó o máa dé tó ò ní rí jẹ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà, ó rí i tó wọ́, ó fi agbádá bo ojú. Mo dìde lórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sì kúrò lẹ́nu mi, kò sì tíì padà di òní.

Mo ní, kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, "Jósáyà! O mọ̀? O mọ̀, o sì ní kí n máa lọ? Ìwọ tó o ní ìyà tí gbogbo ilé bá pín jẹ kì í pa ẹnì kan. Kí ló dé tó o fi kó gbogbo rẹ̀ fún èmi nìkan?"

Àwọn ènìyàn pariwo, "Háà! Ó tó! Ọ̀gá rẹ ni!" Mi ò dákẹ́. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Mo rí i tó ń kéré nínú agbádá rẹ̀, arúgbó aláìníka, mi ò sì dákẹ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo rí Ìyá Dèbórà. Wọ́n ń wo ọkọ wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Àwọn náà ò mọ̀ rí. Wọ́n dìde, wọ́n tú gèlè, wọ́n sì jáde nínú gbọ̀ngàn náà láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ ó rò pé Rúfọ́ọ̀sì parun. Kò parun. Wọ́n yọ ọ́ nípò alága, ó kó lọ sí Ìbẹ̀jú, nítòsí èbúté tuntun. Gíà inú ọ̀rá ló ń tà níbẹ̀ báyìí, kọ̀ǹténà kọ̀ǹténà. Ó ti kọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ wá bá mi tí ọjà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò kì í fọwọ́ kàn án, wọn ì báà fi ohun gbogbo bẹ̀ mí. Mo sì ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí náà ni.

Jósáyà ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìwé fírídọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ó fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ipa aláàmù lórí iyanrìn. Mo ní kí wọ́n gbé e padà fún un. Nígbà tó kú, ìró agogo ìjọ wọn dé etí mi, bí wọ́n ti ń gbé òkú rẹ̀ kọjá lójú títì. Mo tan léètì mi. Mo gbé irin tó le jù lọ sí i, mo sì jẹ́ kó máa han.

Ìdáríjì? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bẹ̀ mí. Àwọn tó dàgbà jù yín lọ ti gbìyànjú.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Ìyá Dèbórà wá bá mi. Wọ́n wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi tẹ iyanrìn gbígbóná. Mo pa ẹ̀rọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, torí àwọn kò ṣẹ̀ mí.

Wọ́n ní, "Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí rẹ nígbà yẹn. Mo ní kí apá rẹ rọ."

"Mo gbọ́ nígbà náà, Màmá."

"Kò rọ."

"Kò rọ, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ ọkọ mi lọ, orúkọ tìrẹ lọ, ẹni tó ṣe é ń jẹun. Ẹni tí mò ń bá sùn sì fi mí sílẹ̀ kí n máa bú aláìṣẹ̀ lójú Ọlọ́run. Mi ò wá bẹ̀ ọ́ pé kó o dárí jì í. Èmi gan-an ò tíì dárí jì í. Mo sin ín, mi ò dárí jì í." Wọ́n wo àyíká. "Ṣé àga wà?"

Mo gbé àpótí kan fún wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń gbẹ́ irin, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, nígbà mìíràn ọ̀kan nínú wa á dárúkọ ẹnì kan, èkejì á pòṣé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wòlíì kékeré kan láti ìjọ wọn tẹ̀lé wọn wá. Ó jókòó, ó gbé Bíbélì lé itan, ó ní ẹrù ìbínú wúwo, pé kí àwa méjèèjì jẹ́ kí òun bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀ lónìí.

Ìyá Dèbórà ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà wọn. Wọ́n ní, "Wòlíì, ẹ ṣeun. Kò tíì wúwo jù fún wa."